Ta Ló Ń Sọ Ìtàn Wúràọlá?

Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú.
Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ń le? Ṣé o ti rí ẹni bá ọ tún nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá rẹ ṣe, kí ẹ̀fọn Ẹ̀pẹ́ tó fi ọ́ ṣe oúnjẹ? Àwa tí o fi sílé wà dáadáa. Bàbá rẹ ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ṣì ń wọlé lẹ́yìn tí ọbẹ̀ bá ti tutù. Kò ní sọ fún ọ láéláé pé àárò rẹ ń sọ òun, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwa méjèèjì: àárò rẹ ń sọ wá. Búrẹ́dì ńlá tó máa ń tó ẹni mẹ́ta ló ṣì ń rà bọ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mo sọ fún un pé àwa méjì la kù nílé. Ó ní, "Mo mọ̀." Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn dé, ó tún rà á.

Ìpè tó o pè mí lánàá ló mú mi jókòó ti ìwé àti bírò. Ǹ bá pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n o mọ bí fóònù ṣe máa ń ṣe wá. Tí mo bá ti fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nẹ́tíwọ̀kì á já, ìwọ á máa pariwo pé, "Màámi, mi ò gbọ́ yín o," èmi á sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn, mo sì fẹ́ kó o lè tún un kà tó bá wù ọ́.

O ní tó o bá bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ pé kí ni ibùdó ìtàn, gbogbo wọn á pa ohùn pọ̀ bí ẹni ń ka tábìlì ìṣirò: "Ibùdó ìtàn ni ibi àti àkókò tí ìtàn ti wáyé." O bi wọ́n pé báwo ni Wúràọlá inú ìwé ìtàn tí ẹ̀ ń kà ṣe yí padà, wọ́n ní ó di ọmọ dáadáa níkẹyìn. O bi wọ́n pé ta ló ń sọ ìtàn, wọ́n ní Wúràọlá ni. Ó tán nìyẹn, wọ́n tún yíjú sí fèrèsé. Tíṣà àgbà tó o bá níbẹ̀ sì gbà ọ́ níyànjú pé kó o má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, kó o pe nóòtì kí wọ́n máa kọ ọ́, torí ohun tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò nìyẹn. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti yí padà. O ní, "Màámi, ó ti sú mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ nílé."

Àdùkẹ́, o ò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe sí mi lára. Mo ti dìde nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo ti dé yàrá rẹ, mo ti ń wo àwọn páálí tí a tò síbẹ̀, tí mò ń rò ó nínú ara mi pé a lè kó wọn lọ sí pálọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkàn mi ni mo fẹ́ tẹ̀ lé ni, lẹ́tà yìí ì bá má gùn rárá: máa bọ̀ nílé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé Wúràọlá yìí kan náà sì ni mo fi kọ́ wọn ní Ìmọ̀tà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti pààrọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí ìwé náà fún ọ kó o tó di ẹrù kankan.

A ò tíì bí ọ nígbà náà. Èmi àti bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé ni, yàrá kan la gbà ní Ìkòròdú, mo sì ń wọ ọkọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìmọ̀tà láràárọ̀. Nóòtì ni èmi náà ń pè fún wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí gbogbo wa sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi, Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, tó ń dáko ìrẹsì, ló ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó wò ó dàgbà. Ìyá rẹ̀ ti kúrò nílé nígbà tó ṣì kéré. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń mẹ́nu bà á.

O rántí bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wúràọlá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń gbé létí ọ̀sà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ń sọ fún wa bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá àti bàbá ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, wọ́n ń jà. Ìyá ní, "Ọmọ yẹn ò ní dá mi dúró," ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì bojú wẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ lọ ni Wúràọlá ti ń bínú.

Lọ́jọ́ tí à ń kà á, mo béèrè pé, "Ta ló ń sọ ìtàn yìí?"

"Wúràọlá ni, mà!"

Mo ti yíjú sí bọ́ọ̀dù kí n kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ọdún mélòó ni Wúràọlá lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ?"

Sìdíkátù ni. Mo ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rin."

"Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá?"

"Wọ́n tì í. Ó wà nínú ìwé."

"Òun sì wà ní kíṣìnnì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Báwo ló ṣe wá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nínú yàrá, mà?"

Mo dúró pẹ̀lú chọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti ka ìwé yẹn, ìbéèrè náà ò wá sí mi lọ́kàn rí. Ọmọ kan níwájú ní, "Ẹnì kan ló sọ fún un." Mo ní, "Ó dáa. Ta ni?" Ni gbogbo wọn bá ṣí ìwé. Ọmọ mi, o ò rí bí ìwé ṣe ń dún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń wá a bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Wọ́n rí i pé gbogbo ìgbà tí Wúràọlá bá ti ń ṣàlàyé ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kì í jìnnà: wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́ ni, tàbí kí ìyẹn máa di irun fún un. Ẹnu Wúràọlá ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kó o sí i lẹ́nu.

Nítorí náà, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mú dání. Má fi mọ sórí bíbéèrè pé ta ló ń sọ ìtàn. Bi wọ́n pé níbo ni asọ̀tàn wà nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Kí ló fojú ara rẹ̀ rí, kí ni wọ́n sọ fún un? Ta ni a ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀? Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́. Èyí ló máa ṣòro fún ọ jù, torí o mọ ìdáhùn, o sì jọ mí. Dákẹ́ kí wọ́n wá a.

Nígbà tí a tún pàdé, mo ní kí ẹnì kan dìde kó bá wa sọ ìtàn ọjọ́ yẹn bí ìyá Wúràọlá ṣe máa sọ ọ́. Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Sìdíkátù dìde. Ó ní, "Èmi ni ìyá rẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ. Wọ́n lé mi ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ọmọ mi, wọ́n já a gbà lẹ́yìn mi. Nínú ọkọ̀ ojú omi, mi ò bojú wẹ̀yìn, torí tí mo bá wò ó, màá bẹ́ sómi." Kò gbójú sókè títí ó fi parí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn tí a jáde, ó dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Wọ́n ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi wà, mà. Ṣé Ẹ̀pẹ́ jìnnà?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibùdó ìtàn yé mi. Ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, òun náà ló gba Àgbọ̀wà àti Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́. Láti kékeré ni Sìdíkátù ti ń gbọ́ tí àwọn kọ̀ǹdọ́ ń pe èrò, "Ẹ̀pẹ́! Ẹ̀pẹ́ wọlé!" Kò wọ ọkọ̀ náà rí. Kò sí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Nínú ilé wọn ṣáá, wọn kì í dárúkọ Ẹ̀pẹ́.

Mo padà sínú ìwé náà pẹ̀lú ojú mìíràn. Mo bi kíláàsì pé, "Wúràọlá ń rí iná ìlú tí ìyá rẹ̀ wà láti ẹ̀yìnkùlé. Kí ló dé tí kò sọdá?" Wọ́n ní ẹ̀rù omi ń bà á. Mo ní kí wọ́n fi ibi tí omi náà ti ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá nínú ìwé hàn mí. Wọn ò rí i. Àwọn apẹja ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀ láìséwu. Inú ilé Wúràọlá nìkan ni omi náà ti burú. Nínú ilé yẹn, wọn kì í gbé àga kọjú sí ọ̀sà. Fèrèsé tó wà lápá ibẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi kàn án pa. Ibùdó ìtàn nìyẹn, Àdùkẹ́. Orúkọ ìlú nìkan kọ́. Ohun tí ibì kan gbà kí èèyàn ṣe àti ohun tí kò gbà fún un ni.

Àwọn ọmọ tìrẹ sì sún mọ́ ọ̀sà ju tèmi lọ. Mú wọn jáde lọ síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jókòó ti omi, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n lè lọ àti ibi tí wọn kò gbọdọ̀ dé, àti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wojú fèrèsé tó wà nínú ìwé dípò ti kíláàsì.

Mo lọ rí bàbá Sìdíkátù. Iwájú ilé ló wà, ó ń pọ́n àdá. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó pọ́n àdá náà lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ mú un lọ. Mi ò ní kó má mọ ìyá ẹ̀. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́ wa láti inú ilé, kò yọjú.

Sátidé la lọ. Ọmọ náà wọ aṣọ Iléyá rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ń bi mí bóyá ìyá òun máa mọ òun. Nígbà tí a wọ ọjà, ilẹ̀ ń yọ̀, àwọn obìnrin ń kígbe orúkọ ẹja, omi ń ta sí wa lẹ́sẹ̀. A béèrè, wọ́n júwe obìnrin kan tó ń to ẹja sínú agbọ̀n fún wa. Kò ga, ó pọ́n díẹ̀. Ọmọ kékeré kan sùn sẹ́yìn rẹ̀.

Ó wo èmi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, kí lẹ fẹ́ rà?" Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sìdí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọmọ náà wí, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi ẹja, tòun taṣọ Iléyá.

Ìyá rẹ̀ gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀ kí ìpẹ́ ẹja má baà ba aṣọ ọmọ jẹ́. Wọ́n gbé àpótí fún wa, a jókòó. Mo fẹ́ rìn sẹ́yìn díẹ̀, Sìdíkátù dì mí lọ́wọ́ mú. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè lójú mi pé, "Ta ló lé yín, mà?"

Mo rí i pé obìnrin náà wo ojú ọmọ náà, ó rí ìdáhùn tí ọmọ ń wá. Ì bá rọrùn kó fún un ní ìdáhùn náà. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lé mi, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ó rẹ̀ mí, mo sì lọ. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan ni màá lò kí n padà wá mú ẹ. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù. Nígbà tó di ọdún, ojú wá ń tì mí. Mo máa ń wọ ọkọ̀ dé Ìtòìkín, màá sọ̀ kalẹ̀, màá padà."

"Ẹ̀ ń dé Ìtòìkín?"

"Mò ń dé ibẹ̀."

Sìdíkátù gba ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ títí a fi fẹ́ máa lọ.

Nínú ọkọ̀, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ìtàn tó sọ ní kíláàsì dùn ju èyí tó gbọ́ lọ. Nígbà tí a kọjá Ìtòìkín, ó yíjú wo ibùdókọ̀ náà títí kò fi rí i mọ́. Ó wá ní, "Mà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò parọ́ nípa ìyá mi. Ó lọ lóòótọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ti Ìtòìkín fún mi."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n," ni mo dá a lóhùn.

Ó rò ó. Ó ní, "Ṣé mo lè tún lọ nígbà ọlidé?"

Àdùkẹ́, tí wọ́n bá tún sọ fún ọ pé Wúràọlá di ọmọ dáadáa, sọ fún wọn pé kò fìgbà kan jẹ́ ọmọ burúkú. Ìdàgbàsókè ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe pé kó kúrò nínú ibi kó bọ́ sínú ire. Jẹ́ kí wọ́n fetí sí gbólóhùn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Ó fi mí sílẹ̀." Tó bá kù díẹ̀ kí ìwé parí, ó ní, "Ó lọ." Ìyá kan náà ni, ọjọ́ kan náà, òjò kan náà. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, Wúràọlá nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú èkejì, ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti jẹ́ èèyàn. Ó sì ṣì ń dùn ún o. Má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé kò dùn ún mọ́.

Sìdíkátù ti di nọ́ọ̀sì báyìí, níbí ní Ìkòròdú. Mo bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀ nígbà tí a pàdé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "À ń jà gan-an, mà. Ṣùgbọ́n à ń jókòó papọ̀." Mi ò lè sọ fún ọ pé gbogbo ẹ̀ ti dán mọ́rán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ló béèrè ìbéèrè kan nípa ìwé, a sì jọ wọ ọkọ̀. Nóòtì tí mo pè fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí ìkankan níbẹ̀.

Ọmọ kan ń bẹ nínú kíláàsì rẹ tó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn báyìí. O ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Kò tíì sọ̀rọ̀. Tó o bá di ẹrù rẹ, ta ló máa dúró dè é?

Ó ku ohun kan, tó nira fún mi láti kọ. O gbàgbé láti pa fóònù lánàá, mo sì gbọ́ nígbà tí ò ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé, "Ọjọ́ tí mò ń kó lọ, Màámi ò tiẹ̀ jáde wá wo ọkọ̀." Òótọ́ lo sọ. Níbi tó o jókòó sí nínú ọkọ̀, ohun tó o lè rí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì pálọ̀, mo di etí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rí ọ tó o wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì kó o tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá jáde, màá ní kó o sọ̀ kalẹ̀ ni, ìwọ á sì sọ̀ kalẹ̀, torí o máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kí n má baà dá ọ dúró ni mo ṣe dúró sínú ilé.

Má di ẹrù, ọmọ mi. Dúró ti àwọn ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó o jẹun, kó o sùn dáadáa, kó o jẹ́ kí bàbá rẹ rí ọ. Kí Ọlọ́run tó fún ọ níṣẹ́ fún ọ ní ohùn tí àwọn ọmọ á fẹ́ gbọ́, kó sì máa bá mi ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó.

Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè tó o bá fẹ́ padà, màá bá ọ gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀, màá sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi lọ.

Èmi ni,
Màámi rẹ.